Ohun tí mo rí nínú SORMAS ní Bùnú

Òkun o, ẹ̀yin ará. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní abúlé kan ní Bùnú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi SORMAS, áàpù kan tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi, ròyìn àrùn tó ń ràn. Àwọn ará Jámánì àti Nàìjíríà ló jọ ṣe é lẹ́yìn Ebola 2014, nígbà tí àrùn náà mú èèyàn 20 nílẹ̀ wa, tó pa 8, tí wọ́n sì ń wá àwọn tó fara kàn wọ́n, tó súnmọ́ 900, kiri láti ilé dé ilé.

Fọ́ọ̀mù ni mò ń kọ tẹ́lẹ̀. Màá dì í sínú ọ̀rá, màá fún ọlọ́kadà tó ń lọ Kàbà. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó dọ́wọ́ ọ̀gá wa ní ìjọba ìbílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ara bàbá àgbẹ̀ kan ń gbóná, ó ti lo oògùn ibà tán, kò lọ. Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ ní erìgì rẹ̀, àyà mi já. Mo fura sí ibà Lassa, torí àsìkò ìsungbó nìyẹn, eku ń sá wọlé. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí, síbẹ̀ SORMAS gba gbogbo ohun tí mo kọ, ó tọ́jú rẹ̀. Mo gun òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ. N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ọ̀gá wa fi ń pè mí. Wọ́n gbé bàbá lọ, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí wọ́n ti ń yẹ Lassa wò. Lassa ni lóòótọ́. Ọpẹ́ ni pé ó yè.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyí. Èèyàn 14 ló ti tọ́jú bàbá, Lassa sì lè fara pa mọ́ fún ọjọ́ 21 kó tó yọjú. Ní gbogbo àárọ̀, SORMAS á fi àwọn tí mo gbọ́dọ̀ rí hàn mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá ti padà sílé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin, orúkọ rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa níbẹ̀. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé wọn ò ní lé ọmọ mi níléèwé?”

“Rárá, Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa wò.”

Ọjọ́ 21 pé, kò mú ìkankan nínú wọn.

Owó dátà, àpò ara mi ló ti ń jáde, ó sì ń dùn mí. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì mi kì í pé ọjọ́ kan. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Kàbà ni mo ti ń ṣáàjì. Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn ìbéèrè inú tèmi, èmi ni mò ń tú u sí èdè wa fún àwọn ìyá.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní SORMAS ní Yàgbà tàbí Ìjùmú, ẹ kọ́kọ́ ṣí i níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dáa kẹ́ ẹ tó wọ oko. Ẹ má sì ju ìwé àjákọ yín nù.