Gbọ̀ngàn àtijọ́ tí a ti ṣe àríyá ìgbéyàwó ọmọ mi ní Ọ̀yọ́

"Ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, Mọ́mì. Owó tí ẹ san ò kan ti iwájú." Ọmọkùnrin inú ọ́fíìsì wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, nígbà tí ọkọ àti ìyàwó ti ń jáde bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Tìtorí ilẹ̀kùn iwájú yẹn gan-an ni mo ṣe gba ibẹ̀! Àwọn kan ní ká lọ sí Ìbàdàn, mo kọ̀. Ìlú tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó láàárín ọdún 1830 sí 1840, ìlú onídùndún, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi ti wọ aṣọ òkè Ìsẹ́yìn gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn àtijọ́, kí wọ́n máa lùlù kì í lọ. Mo sọ èyí fún wọn lọ́jọ́ tí mo sanwó. Ọmọkùnrin yìí kan náà ló bá mi ya fọ́tò lẹ́nu ilẹ̀kùn náà.

Mo ní, "Ọmọ mi, fi hàn mí nínú rìsíìtì." Ó ní kò sí ní rìsíìtì, òfin ilé ni. Mo ní ta ló ṣòfin? Ó ní ọ̀gá. Mo ní kó pè é. Ó ní ọ̀gá kì í gbé fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ wo wá ni wọ́n ń ṣègbéyàwó? Ìgbà yẹn ló wá ní kí n mú ₦30,000 wá. Àwọn àna wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi lẹ́nu ìjà.

Bàbá tó ń tọ́jú ilé ló gbà mí. Wọ́n ti ń gbálẹ̀ nítòsí láti ìgbà yẹn, wọn ò dá sí i. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n ní, "Ìyá ìyàwó, ó tó. Ṣebí nítorí irú ọjọ́ òní ni wọ́n ṣe ṣe é." Wọ́n ta òróró sí ìdè ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i méjèèjì gbayawu. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí ìyáàlù dún wọ inú gbọ̀ngàn yẹn! Ògiri líle, àjà gíga, kò sí kápẹ́ẹ̀tì tó máa gbé ohùn mì. "Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété" ń ró káàkiri, bàbá ọkọ ò lè jókòó mọ́, owó ni wọ́n ń ná. Mo sunkún ayọ̀. Ooru ò mú wa rárá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kan níbẹ̀. Òkè àjà ni ooru ń gbà lọ.

Àmọ́ ìró yẹn náà ló ba ọ̀rọ̀ alága jẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú máíkì. Tí ẹ bá fẹ́ lo ilé tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí DJ pín spíkà kéékèèké káàkiri, kó má to ńláńlá síwájú. Ilé ìyàgbẹ́ kò dára. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kò tó.

Owó ìdógò mi, ₦50,000, wọn ò tíì dá a padà. Wọ́n ní àga kan ṣẹ́. Bàbá yẹn ka àga lójú mi, wọ́n pé.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Àbúrò ìyàwó náà máa ṣègbéyàwó, ibẹ̀ la ó tún lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ "ilẹ̀kùn iwájú" sínú rìsíìtì kí n tó sanwó.