RX 580 àti GTX 1660 Super: èwo ló bá kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ àti iná Ìkòròdú mu?

Ẹni tó bá ń wá káàdì gíráfíìkì tòkúnbọ̀ ní Ìkòròdú, yálà ní Sábó ló ti ń wá a ni o, tàbí ó ń ránṣẹ́ sí ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dúró sórí méjì: RX 580 ti AMD àti GTX 1660 Super ti NVIDIA. RX 580 ló sábà máa ń dínwó. Òun náà ló sábà máa ń ní mẹ́mórì 8GB, 6GB sì ni ti èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹrajà ti ń ṣìṣe: wọ́n á ní mẹ́jọ ṣáà ju mẹ́fà lọ, wọ́n á sì sanwó. Ní tiwa, GTX 1660 Super ló yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà níhìn-ín, ọ̀rọ̀ iná ló sì mú wa sọ bẹ́ẹ̀ jù.

RX 580 ti wà lọ́jà láti oṣù kẹrin ọdún 2017. Shader (àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó ń ṣírò àwòrán) 2304 ló ní, mẹ́mórì GDDR5 rẹ̀ ń gbé 256GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń jẹ iná 185W. GTX 1660 Super dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2019: shader 1408, GDDR6, 336GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iná 125W. Ẹ má fi 2304 wé 1408 o. Bí shader ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ti AMD kọ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ti NVIDIA. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù lórí sikíríìnì 1080p, níbi tí RX 580 bá ti ń gbé fírémù 60 jáde, 1660 Super á tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí 8GB ti ń wúlò ni àwọn géèmù tuntun tí texture wọn (àwòrán tó ń bo ara nǹkan inú géèmù) wúwo. Bí 6GB bá kún, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọsẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún sáré. Ẹ dín texture kù ní ìpele kan, ó parí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ iná. 60W ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì lè jọ bíi pé kò tó nǹkan títí NEPA á fi mú iná lọ. Ká ní kọ̀ǹpútà tó ní RX 580 ń fa nǹkan bí 300W látara ògiri nígbà tí géèmù bá wọra, èyí tó ní 1660 Super á máa fa nǹkan bí 230W. Bátìrì ínfátà 12V 200Ah kan, 2,400Wh ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò yẹ kó lò kọjá ìdajì kó má bàa tètè bàjẹ́. 1,200Wh ló kù. RX 580 á lò ó tán ní wákàtí mẹ́rin. 1660 Super á lò ju wákàtí márùn-ún lọ. A ò tíì yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" á tún rí i kedere, torí iná rẹ̀ ò ju nǹkan bí 650W lọ, RX 580 sì lè fa iná lójijì kí ẹ̀rọ náà máa ké, kí gílóòbù inú ilé máa ṣẹ́jú. Bí ínfátà yín ò bá jẹ́ pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA), páwà páàkì tó dáa lè máa hó tàbí kó pa ara rẹ̀. Ẹ má tíì dá káàdì lẹ́bi.

Fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH tó ń ya àwòrán ilé, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ rọrùn. Láti ìgbà tí ètò ìyàwòrán Blender 3.0 ti jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Cycles, ẹ̀yà rẹ̀ tó ń parí àwòrán (render), ò fi RX 580 ṣe é mọ́, torí wọ́n ti yọ OpenCL tó fi ń bá káàdì AMD ṣiṣẹ́ kúrò. CPU nìkan ni yóò máa làágùn. 1660 Super ń fi CUDA, ọ̀nà ti NVIDIA, ṣe é láìsí wàhálà. Ẹni tó ń fi ètò OBS ṣe láìfù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà á gbádùn NVENC, ẹ̀yà tó ń ká fídíò nínú rẹ̀, nítorí fídíò H.264 tó ń ṣe mọ́ ju ti RX 580 lọ bí dátà bá kéré.

RX 580 ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fi ọdún púpọ̀ wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ethereum tọ̀sán-tòru kí iṣẹ́ náà tó dópin ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Àwọn tó ń wa owó yìí máa ń yí BIOS rẹ̀ (ètò tó wà nínú káàdì fúnra rẹ̀) padà, ìyẹn ló ń fà á tí sikíríìnì fi ń dúdú kété tí ẹ bá ti fi dírẹ́fà sí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn. Bí shader bá jẹ́ 2048 dípò 2304, RX 580 2048SP nìyẹn, RX 570 ni ká kúkú pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, ṣiṣẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú. Bó bá kọjá 85°C, ọ̀rá orí ṣíìpù (thermal paste) ti gbẹ tàbí fáànù kan ò yí dáadáa. Ẹ yí káàdì náà sẹ́yìn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí rẹ̀: bí ẹ bá rí òróró tó ń dán tó ṣàn láti abẹ́ ìrọ̀rí mẹ́mórì (thermal pad), tí pátákó ibẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹ̀wà sísun, ooru ti jẹ ẹ́ gan-an. Bí àmì kéékèèké bá ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú sikíríìnì, mẹ́mórì ti ń kú lọ. Ẹ dá a padà fún wọn.

Kọ̀ǹpútà wo lẹ fẹ́ fi sí? Dell OptiPlex 7010 onígogoro (tower) ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní, páwà páàkì 275W ló sì bá a wá, tí kò ní wáyà fún káàdì rárá. NVIDIA ní kí 1660 Super ní 450W, AMD ní 500W fún RX 580. 7010 ń gba páwà páàkì lásán tó ní ihò 24, ṣùgbọ́n OptiPlex 9020 nílò wáyà ìsopọ̀ (adapter) tó ń sọ 24 di 8. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà ìsopọ̀ SATA (wáyà iná ti háàdì dísíìkì) gbé iná fún káàdì o! 54W ni SATA lè gbé láyọ̀, ihò káàdì sì lè bèèrè 150W. Rọ́bà rẹ̀ á yọ́, òórùn rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ pààrọ̀ páwà páàkì, GTX 1650 tí kò nílò wáyà ni kí ẹ wá, torí 75W ni gbogbo iná tó ń jẹ.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi ètò DDU nu dírẹ́fà àtijọ́ kí ẹ tó fi tuntun sí i. Eruku ọ̀nà àti ọ̀rinrin ọ̀sà ò jẹ́ kí káàdì pẹ́ níhìn-ín, nítorí náà ẹ máa fẹ́ ẹ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má bàa yí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà kan ṣoṣo la lè ní kí ẹ ra RX 580: bí géèmù nìkan lẹ fẹ́ fi ṣe, bí iná yín bá dúró, bí páwà páàkì tó tó bá ti wà nílẹ̀, bí owó rẹ̀ bá sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti èkejì.