Orin ni wọ́n ń tà fún wa, orin náà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́

Mi ò ní dárúkọ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ orin kan ni, ní Wuse 2, lókè pláásà kan. Ẹni tó ń gbé Abuja tó sì lọ́mọ ní sẹ́kọ́ńdìrì á ti mọ irú wọn: kíláàsì ọjọ́ Sátidé, kíbọ́ọ̀dù, gìtá, ìlù òyìnbó, àti pátákó gàgàrà tó ní àwọn ń múra ọmọ sílẹ̀ fún JAMB àti ABRSM, ìdánwò orin àwọn ará Ìlú Ọba. A débẹ̀ torí pé ilé ìwé ọmọ mi ò ní olùkọ́ músíìkì. Láti JSS3, tí wọ́n ti parí CCA (iṣẹ́ àṣà àti ọnà tí wọ́n ń da músíìkì pọ̀ mọ́), ó tán níbẹ̀. Owó wọn wọ́n, ẹ lè bi wọ́n léèrè fúnra yín. Ohun tó bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ̀wé ni ìpàdé òbí tí wọ́n ṣe nígbà tí táámù àkọ́kọ́ ń parí lọ.

Wọ́n kó gbogbo òbí ọmọ SS3 jọ sí yàrá ńlá. Wọ́n pín míìtì páì àti Fanta. Director dìde. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ará Èkìtì, tó máa ń wọ léèsì wá síbi iṣẹ́. Ó ní kí àwọn ọmọ máa dìde níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn WAEC. Ọmọkùnrin kan ní Medicine, a pàtẹ́wọ́. Òmíràn ní Software Engineering, a pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ò tiẹ̀ dárúkọ ohun tó fẹ́ kà, ó kàn ní Canada lòun ń lọ, àtẹ́wọ́ tiẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó wá kan ọmọ mi. Ó ní, "Músíìkì mà, ní Ifẹ̀."

Director bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú, ó kọjú sí àwa òbí: "Ẹ gbọ́ o! Músíìkì kẹ̀? Ṣé o fẹ́ di alágbe ni? Ọmọ tó mọ̀wé báyìí! Lọ ka Law jàre, kó o máa tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday." Àwọn òbí kan bá a rẹ́rìn-ín. Akáńtáǹtì wọn, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àwọn tó jẹ gbèsè, rín débi pé ikọ́ gbé e.

Ẹ bá mi wò ó. Ilé ẹ̀kọ́ orin ni o! Orin ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ wa, mo sì rò pé orin náà ni wọ́n fi ra jíìpù tó wà nísàlẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n parọ́ fọ́mọ pé owó ń ṣàn nídìí ẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tó ń tajà bá ń fojú yẹpẹrẹ wo ọjà rẹ̀, kí wá ni èmi ń rà? Ta ló sì sọ fún wọn pé alágbe ni gbogbo olórin? Ayọ̀ Bánkọ́lé tó ń kọ orin sílẹ̀ lórí ìwé, iṣẹ́ orin ló gbé e dé Cambridge kó tó wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Fẹlá ńkọ́? Medicine ni wọ́n rán an lọ kà ní London ní 1958, Trinity College of Music ló yà sí.

Ọmọ mi jókòó. Kò sunkún. Ó kàn ń yí ìdérí Fanta rẹ̀ síwá sẹ́yìn títí ìpàdé fi tú.

Mo gba ìdí tábìlì ẹnu ọ̀nà lọ, mo ní kí wọ́n dá owó táámù kejì tí mo ti san sílẹ̀ padà fún mi. Ọmọ Ọ̀fà ni ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀. "Mummy, ẹ má bínú, ẹ mu omi." Mo ní mi ò mu omi. Ó yí rìsíìtì mi padà, ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà kan tó rí wínníwínní lẹ́yìn rẹ̀ pé owó tí a bá ti san, ó ti lọ nìyẹn. Mo ní ta ló ń ka ẹ̀yìn rìsíìtì? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Mummy, èmi gan-an ò kà á rí kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́." Ó wá mú fọ́ọ̀mù ìfẹjọ́sùn jáde. Mo kọ ọ́ kún. Mo dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé Director ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kó tó lè dé ọ̀dọ̀ Director. Mo ya á. Lálẹ́, mo tẹ WhatsApp sí wọn. Ìpolówó kíláàsì ọlidé ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

A ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà nígbà tí olùkọ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sáré bá wa. Ọmọ Jos ni, Uncle ni gbogbo àwọn ọmọ ń pè é. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀gá rẹ̀, èmi náà ò sì retí kó sọ, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ó kàn ní ká padà sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Yàrá kẹrin ló kó wa sí, ibi tí wọ́n ti fi téèpù dúdú wé pẹ́dà kíbọ́ọ̀dù bí ẹsẹ̀ tó dá, tó jẹ́ pé bọ́mọ bá tẹ̀ ẹ́, á sá wọ abẹ́ àga. Ó mú dáyárì àtijọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ibi tí ọmọ ti lè ka músíìkì: Ifẹ̀, Nsukka, tó ti ń kọ́ni ní músíìkì láti 1961, Uyo, Awka, dípúlómà ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Onikan l'Ékòó, Music Technology ní Pólì Ìbàdàn. Ó ní àwọn sójà pàápàá ní ilé ẹ̀kọ́ orin tiwọn. Ó ní Músíìkì wà lára ohun tí wọ́n lè kọ nínú JAMB, mọ́ Use of English àti méjì mìíràn, kó lọ wo ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Kò sì fi dídùn nìkan bò ó. Ó ní òun ń kọ́ni níbí lọ́jọ́ Sátidé, òun ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni láàárín ọ̀sẹ̀, òun tún ń lọ tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi ìgbéyàwó, kí owó tó pé.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ABRSM kì í gba ọmọ sí ìdánwò Grade 6 lórí píánò bí kò bá tíì yege ní theory Grade 5, ìyẹn ìdánwò kíkà àti kíkọ orin lórí ìwé, tàbí irú rẹ̀. Ọmọ mi ti ṣe Grade 5 lórí píánò, ó gba ju 120 lọ nínú 150, inú wa dùn, a sì ya fọ́tò. Kò sí ẹnì kan nídìí tábìlì yẹn tó sọ fún wa pé theory wà! Uncle ní òun á máa fi wákàtí kan kọ́ ọ lẹ́yìn kíláàsì, kí n má san kọ́bọ̀.

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, NEPA mú iná lọ. Wọ́n tan gẹn nísàlẹ̀. Uncle gbé ìka sókè: "Gẹn yẹn, nóòtì wo ló ń kọ?" Mo rò pé àwàdà ni. Ọmọ mi dijú, ó ní, "G, sà. Àmọ́ ó ga díẹ̀." Uncle tẹ G tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, àmọ́ kò bá a mu tán. Ó ní iná tiwa, tó fi mọ́ ti gẹn, máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, G yẹn sì jẹ́ 49, nítorí náà ọmọ náà gbà á. Ibi tó ti ń ṣàlàyé ni ẹnì kan ti tan AC, gẹn rọ̀, ọmọ mi pariwo, "Ó ti wálẹ̀, sà!" Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòfófó ẹnì kan.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ mọ̀ pé ìlù òyìnbó wà ní yàrá karùn-ún, ògiri ò sì dí i. Kò síbi páàkì ọkọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Kubwa bíi tiwa, ẹ tètè kúrò nílé. Tí ẹ bá ń wá ìtọ́sọ́nà nípa yunifásítì tó wà nínú ìwé ìpolówó wọn, irọ́ ni, kò sí, àfi tẹ́ ẹ bá bá Uncle pàdé lórí àtẹ̀gùn. Mi ò ní rán ọmọ ọ̀tá mi síwájú Director yẹn.

Mo fi owó táámù kẹta ránṣẹ́ lánàá.

Ìràwọ̀: 4 nínú 5. Pẹ́dà ló gba ọ̀kan tó kù.