Hornwort nínú gíláàsì ẹja mi: ohun tí ojú mi rí lóṣù mẹ́sàn-án

Ewéko omi mẹ́rin ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó ra hornwort. Òmíràn ń bèèrè yẹ̀pẹ̀ olówó gọbọi, òmíràn ń fẹ́ iná tí kì í lọ, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ra ìdì kan ní ₦3,000, okùn márùn-ún, tí ìkọ̀ọ̀kan gùn tó apá mi láti ọwọ́ dé ìgúnpá.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ri ìdí rẹ̀ mọ́ iyanrìn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìdí okùn náà ti dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín ń já bọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń hú ìyẹ́ adìẹ, gbogbo ìsàlẹ̀ gíláàsì kún. Ìgbà tí mo wádìí ni mo tó mọ̀ pé hornwort kò ní gbòǹgbò rárá. Ara ló fi ń fa oúnjẹ látinú omi. Mo gé ibi tó jẹrà dànù, mo jẹ́ kí ìyókù máa léfòó. Ewé ṣì ń já fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, torí omi tuntun kì í tètè bá a lára mu. Tí tiyín bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì dà á nù.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ara. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti gba gbogbo inú gíláàsì onílítà 60 mi, ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka. N kò ra ajílẹ̀, n kò ra gáàsì tí wọ́n máa ń fẹ́ sómi fún ewéko. Ìgbẹ́ ẹja ló ń jẹ. Oòrùn òwúrọ̀ láti ojú fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Tó bá ti tàn sí i, ẹ sún mọ́ ọn: hóró afẹ́fẹ́ bíntín á jókòó sí ṣóńṣó ewé, á dúró díẹ̀, á sì já gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi máa ń dùn sí i lójoojúmọ́. Omi tó máa ń di àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀ ti mọ́ gaara. Àwọn ẹja guppy mi, tí wọ́n máa ń jẹ ọmọ wọn tán, ní ọmọ mọ́kànlá báyìí, torí inú ewé yẹn ni àwọn ọmọ ń sá pamọ́ sí.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Mo jẹ́ kó kún jù. Lóru ọjọ́ kan iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́. Nígbà tí mo jí ní ìdájí, gbogbo ẹja ti gbẹ́nu sójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mẹ́ta ti kú. Ewéko tó ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ lọ́sàn-án máa ń fà á símú lóru, bíi tàwa náà. Láti ìgbà yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kúrò.

Èyí tí mo bá gé, mo máa ń sá a gbẹ kí n tó kó o sídìí ata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sódò. Ní New Zealand, hornwort yìí kan náà ti bo adágún, ó sì ń dí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fi omi ṣe iná mànàmáná.

Aládùúgbò mẹ́rin ti wá gé tiwọn lọ nílé mi. Okùn kan péré ni mò ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má rì í mọ́ iyanrìn.