Òòfà tó ń mu hélíọ̀mù àbí òòfà gbígbẹ: èwo ló yẹ láàbù yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra òòfà ńlá fún láàbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wo iye tẹ́sílà (ìwọ̀n agbára òòfà) tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìwé. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á pé tí iná bá lọ lóru, tí ò sẹ́nì kankan nílé, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ bi í nìyí. Wáyà niobium-titanium tàbí niobium-tin ni wọ́n fi ń wé òòfà yìí, tó bá sì ti tutù dé nǹkan bíi -269°C, iná á máa yí lọ nínú ẹ̀ láìsí ìdíwọ́ kankan (ohun tí wọ́n ń pè ní superconducting nìyẹn), débi pé tẹ́ ẹ bá ti fi iná sí i lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ pa ẹnu ẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ lè yọ ẹ̀rọ tó ń fún un níná kúrò, á ṣì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí òòfà NMR (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà yẹ kẹ́míkà wò) 400 MHz ṣe ń di 9.4 tẹ́sílà mú nìyẹn. Torí náà òtútù lẹ fẹ́ rà, òtútù yẹn náà lẹ ó sì máa san owó ẹ̀ títí.

Èyí tó ń mu hélíọ̀mù dà bíi fúláàsì ńlá: hélíọ̀mù olómi wà ní inú, náítrójìn olómi (-196°C) yí i ká. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ ó máa bu náítrójìn kún un, hélíọ̀mù ní tiẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tí wọ́n bá mú iná lọ, òòfà yẹn ò tiẹ̀ mọ̀. Wàhálà ẹ̀ ni hélíọ̀mù fúnra ẹ̀, torí Amẹ́ríkà àti Qatar ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, bó sì ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà ló ń hó dànù. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó lọ sílẹ̀ jù, quench dé nìyẹn: wáyà á gbóná, hélíọ̀mù á di afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lítà kan á di ohun tó lé ní lítà 700, á sì ti ọ́síjìn jáde nínú yàrá. Èèyàn lè kú níbẹ̀ o. Páìpù tó jáde síta àti áláàmù ọ́síjìn kì í ṣe ohun tá a máa sọ pé “tówó bá dé.”

Òòfà gbígbẹ ò ní kẹ́ ẹ ra hélíọ̀mù olómi rárá, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ló ń mú un tutù, bíi fíríìjì. Ó dùn létí, àmọ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ yẹn ń jẹ nǹkan bíi kìlówọ́ọ̀tì 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tọ̀sán tòru, kẹ́ ẹ tó ka ẹ̀rọ tó ń mú omi tó ń gba inú ẹ̀ tutù. Tí iná bá lọ kì í pẹ́ tó fi máa gbóná, ó lè tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà tutù, ó sì tún máa ń gbọ̀n díẹ̀, àwọn ìdánwò kan ò fẹ́ ìyẹn rárá. Ẹni tó bá sọ pé gbígbẹ ló dáa jù ní Ìbàdàn torí hélíọ̀mù wọ́n, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tó ń dá tan fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé kọ́ńpúrẹ́sọ̀ àti ẹ̀rọ omi pọ̀, ẹ̀rọ omi yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Èyí tọ́kàn mi gbà fún ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú ni ti àárín: hélíọ̀mù wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ kan sì ń sọ èyí tó bá hó di olómi padà. Tí iná bá lọ, á kàn máa hó díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ṣì ní àyè láti wá nǹkan ṣe. Ó wọ́n jù lóòótọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ìwé ni, tàbí kẹ́ ẹ yẹ kẹ́míkà wò, NMR kékeré tó ń jókòó lórí tábìlì (60 MHz, 1.4 tẹ́sílà) tó o, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò kàn ní lè ya àwọn ìlà inú àbájáde ẹ̀ tó súnmọ́ra jù sọ́tọ̀ ni.

Àmọ́ ẹni tó ń wá 30 tẹ́sílà, ẹ má rà á. MagLab, láàbù òòfà ńlá ti Amẹ́ríkà, wà ní Tallahassee, ní Florida: òòfà 45 tẹ́sílà ibẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 35, wáyà superconducting ló ń mú 11.5 wá, bàbà tí wọ́n ń da omi tútù gba inú ihò ẹ̀ ló ń mú 33.5 wá, nǹkan bíi mẹ́gáwọ́ọ̀tì 30 ló sì ń jẹ. Láti December 2017 ni wọ́n ti ní 32 tẹ́sílà tó jẹ́ superconducting látòkè délẹ̀. Ẹ kọ ìwé ìbéèrè, tí wọ́n bá gbà á, wọn kì í gba owó àkókò tẹ́ ẹ fi lò ó, ẹ wá fi tiyín ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn gíga àjà yàrá, torí ọ̀pá tí wọ́n fi ń bu hélíọ̀mù gùn. Ẹ wá ibi tí ìlà 5 gauss (ààlà ibi tí agbára òòfà ti lè ṣèpalára) máa dé nílẹ̀, kí ẹni tó ní pacemaker (ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù) má baà rìn wọ inú ẹ̀ láìmọ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ẹni tó máa san owó hélíọ̀mù tó bá quench lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi í síbẹ̀.