Ẹ̀rọ Ọrùn-ọwọ́ àti Ti Ọrùn-ẹsẹ̀: Èwo Ni Ó Ń Ka Ìṣísẹ̀ Aláàárẹ̀ Rọpárọsẹ̀ Dáadáa?

Ẹ̀rọ aka-ìṣísẹ̀ tí a ń so mọ́ ọrùn-ọwọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n láti ara bí apá ṣe ń lọ síwá-sẹ́yìn ni ó ti ń mọ̀ pé ènìyàn ń rìn. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú kí apá rẹ̀ kan le, tàbí tí ó ń fi ọ̀pá rìn, kì í ju apá bẹ́ẹ̀; nítorí náà, ẹ̀rọ náà lè fo ọ̀pọ̀ ìṣísẹ̀, pàápàá bí ìrìn bá falẹ̀.

Èyí tí a ń so mọ́ ọrùn-ẹsẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí pé ẹsẹ̀ gan-an ni ó ń ṣọ́. StepWatch, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ ọrùn-ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùwádìí ń lò, ń ka ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, a ó sì sọ iye náà di ìlọ́po 2.

Ní tèmi, ti ọrùn-ẹsẹ̀ ni mo fara mọ́. Ti ọrùn-ọwọ́ lè tó fún ẹni tí ó kàn fẹ́ fi òní wé àná, bí ó bá jẹ́ pé apá tí kò ṣàìsàn ni ó ń wọ̀ ọ́ sí nígbà gbogbo. Bí ó bá wà ní apá tí ó ṣàìsàn, iye tí ó ń kà lè pọ̀ sí i kìkì nítorí pé apá náà ti ń yá, láìjẹ́ pé ìrìn pọ̀ sí i rárá.