Ooru Sókótó àti ọyẹ́ Jos: èwo ló le jù?

Àwa Yorùbá tó ń gbé òkè Ọya kì í yéé jiyàn lé èyí lórí. Ní tèmi, ooru ló le jù.

Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ní Sókótó, òjò kò tíì dé, ìkuukùu kò sì sí tí yóò ṣíji bo oòrùn. Ìwọ̀n ooru ọ̀sán máa ń kọjá 40°C. Afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé òógùn ti gbẹ kó tó ṣàn. Ẹ ò ní mọ̀ pé omi ń tán lára, àfi kí ètè bó, kí ìtọ̀ pọ́n, kí orí máa fọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni bá wá ń dàrú, ilé ìwòsàn yá. (Ti Àbújá tún yàtọ̀: bí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, ara kò sì ní rí ìtura.)

Ọyẹ́ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Lóru, ojú ọ̀run mọ́, ooru ilẹ̀ a sì fò lọ. Jos tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà a wá tutù nini. Súwẹ́tà àti kúbusù ṣì lè gbani, àmọ́ ọmọ tuntun àti àgbàlagbà kì í tètè móoru. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni èédú tí wọ́n ń dáná sí nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Gáàsì olóró tó ń tibẹ̀ jáde kò ní òórùn, ojú oorun ló sì ti ń pani.